Joel Aníwúrà Wo Ló Kú?

"Ìròyìn tìrẹ ti máa ń tutù kó tó dé, Jùwọ́n," ni Dominic wí, ó sì na fóònù rẹ̀ sókè kí gbogbo wọn lè rí i. "Àárọ̀ ni mo ti gbé èyí. Ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé e bọ̀ lọ́sàn-án."

Àwọn ọmọ kíláàsì wọn tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣáájì fóònù ní Erinje bú sẹ́rìn-ín. Jùwọ́nlọ́lá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún kò dé inú. Òun ló kọ́kọ́ dá ojú ewé ìròyìn ìlú sílẹ̀ lórí WhatsApp. Ẹni tó gbéyàwó, ẹni tó kọ́lé, ẹni tí ọlọ́pàá mú, òun ni gbogbo ènìyàn máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Àfi bí Dominic ṣe dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní táàmù yìí, tó sì fẹ́ gba gbogbo èrò mọ́ ọn lọ́wọ́.

Charity, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, fà á lápá. "Fi í sílẹ̀, jàre. Jẹ́ ká máa lọ sílé. Màmá mi ní púpurú lórí iná, bàbá mi sì ti jáde láti àárọ̀. Èmi ni màá bá wọn wa iná."

"Máa lọ, mò ń bọ̀," ni Jùwọ́nlọ́lá wí. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù.

Charity kò tíì rìn jìnnà tí ọ̀rọ̀ kan fi wọlé. Ẹ̀gbọ́n Jùwọ́nlọ́lá, Olúyọmí, tó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Òkìtìpupa, ló fi í ránṣẹ́: "Jùwọ́n, Joel Aníwúrà ti kú o. Jàǹbá ọkọ̀ ni, lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀. Má tíì sọ fẹ́nikẹ́ni."

Jùwọ́nlọ́lá tún un kà. Joel Aníwúrà kẹ̀?

Ní Erinje, ẹni tó bá dárúkọ yẹn lásán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọn yóò bi í: "Èwo?" Ọdún tí ìjọ Aládùúrà kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ nílùú, Joel ni orúkọ wòlíì tó mú un wá, gbogbo ọmọkùnrin tí wọ́n sì bí sí agbo ilé Aníwúrà lọ́dún náà, Joel ni wọ́n sọ wọ́n. Mẹ́ta nínú wọn ló dàgbà tí wọ́n sì di èèkàn. Joel Tíṣà ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, òun náà ni ó ń kọ́ àwọn akọrin ìjọ lórin. Joel Elépo ni ẹni tó ń kó epo pupa láti Ìlútítun lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ odò. Joel Wòlíì ló ń darí ìjọ báyìí. Joel Tíṣà sì ni bàbá Charity.

Jùwọ́nlọ́lá rò ó. Ó ti rí Wòlíì láàárọ̀, kì í ṣe òun. Charity sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé bàbá òun ti jáde. Elépo ń kọ́? Ó yẹ kó béèrè. Ọ̀rọ̀ kan péré ni kó tẹ̀ padà sí Olúyọmí. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbójú sókè, ó rí Dominic tó dorí kodò, tó ń tẹ fóònù rẹ̀ kíákíá bí ẹni tí nǹkan ń lé. Òun náà ti gbọ́ nìyẹn! Jùwọ́nlọ́lá wá àwòrán Joel Tíṣà tó yà nígbà ìkórè, bàbá náà nínú aṣọ funfun tó ń dán. Ó fi àbẹ́là kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Joel Aníwúrà ti lọ. Sùn re o, Tíṣà wa." Ó sọ fún ara rẹ̀ pé Charity kò kúkú ní fóònù, kò ní rí i, àwọn àgbà yóò rọra bá wọn sọ ọ́ nílé.

Ó sì tẹ̀ ẹ́.

Láìpẹ́, Dominic gbójú sókè, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. "Háà! Jùwọ́n, ibo lo ti gbọ́ eléyìí?" Bọ́ọ̀lù ló ń kà, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dùn mọ́ Jùwọ́nlọ́lá, kí n má purọ́. Adùn náà kò pẹ́ rárá, nítorí igbe ta láti àdúgbò Charity, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré gba ibẹ̀ lọ.

Nígbà tó dé ọ̀hún, èéfín gba gbogbo àgbàlá. Aládùúgbò kan ti na fóònù sí Dora, ìyá Charity, níbi tó ti ń to púpurú, ìṣù ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń fi èéfín yan, sórí pẹpẹ iná. Obìnrin náà, tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tipẹ́, wo àwòrán ọkọ rẹ̀, ó wo àbẹ́là ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ṣubú lulẹ̀ tòun ti ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Àwọn kan ti da omi síná, torí ta ni yóò máa yan púpurú nínú ilé ọ̀fọ̀? Charity wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń pariwo "Màmá mi! Màmá mi!" Ẹnu obìnrin náà ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ń pe fóònù Tíṣà, kò lọ.

Obìnrin kan já wọlé, gèlè rẹ̀ ti já sọnù lọ́nà. Juliet ni, ìyàwó Joel Elépo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí Dora lé itan rẹ̀.

"Ìyálé mi, ẹ dákun, ẹ má ṣe báyìí o!" Ó ń sunkún, ó sì ń nu ojú rẹ̀. "Ẹ ò ní dá nìkan jìyà ẹ̀. Joel tèmi ń bọ̀ láti Ọ̀rẹ̀ lónìí. Òun ni yóò ṣètò ohun gbogbo. Ẹ gbọ́ mi? Ọkọ mi ń bọ̀."

Ìgbà yẹn ni fóònù gbọ̀n lápò Jùwọ́nlọ́lá. Olúyọmí ni: "Ta ló sọ fún ẹ pé Tíṣà ni? JOEL ELÉPO ni mò ń wí! Ṣebí mo ní kó o má sọ!"

Jùwọ́nlọ́lá ki fóònù bọ àpò. Ó wo Juliet, ó wo bó ṣe di orí Dora mú, tó ń tù ú bí ọmọ. Òkú tí obìnrin yìí wá ń sun, tirẹ̀ ni, kò sì mọ̀. Bí Jùwọ́nlọ́lá bá ní Tíṣà kò kú, wọn yóò béèrè pé ta ló wá kú. Bí kò bá sì sọ nǹkan kan, Dora ń kú lọ níbẹ̀ yẹn nítorí ọkọ tó wà láàyè. Kò síbi tó máa gbà. Ó wù ú kí ilẹ̀ là kó gbé e mì.

Bí wọ́n ṣe ń gbé Dora sínú mọ́tò tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù ní Òkìtìpupa, tí Charity àti Juliet sì kó sí i, Joel Wòlíì dé, láìwọ bàtà, aṣọ funfun lọ́rùn rẹ̀. Jùwọ́nlọ́lá fà á lẹ́wù sẹ́yìn ilé. Ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀.

Wòlíì di ojú rẹ̀ méjèèjì. "Joel," ló wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Wọ́n jọ dàgbà ni. Lẹ́yìn náà ló wò ó. "Ta lo ti sọ fún?"

"Mi ò tíì sọ fẹ́nikẹ́ni, sà."

"Má sọ ọ́. Títúfọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé, Jùwọ́nlọ́lá. Àwa àgbà pàápàá kì í dá a ṣe. A óò kọ́kọ́ jókòó ti ènìyàn. A óò rí i pé ó ti jẹun, pé ẹni tí yóò dì í mú wà nítòsí. Ìwọ wá fi fóònù jù ú lu ènìyàn bí òkúta." Ó mí kanlẹ̀. "Tíṣà wà ní Akotogbo, ó ń kọ́ akọrin wọn. Nẹ́tíwọ̀kì ò dáa níbẹ̀. Lọ mú un wá bá ìyàwó rẹ̀. Ẹnu ara rẹ ni kó o fi sọ ohun tó o ṣe fún un."

Àríyọ̀ ọlọ́kadà ló gbé e. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọ̀kadà ń yọ̀, ẹrẹ̀ ń ta sí wọn lójú. Ní gbogbo ọ̀nà ni fóònù ń gbọ̀n lápò rẹ̀: "Tíṣà sùn re o." "Háà, Tíṣà mi!" Àwọn tí Tíṣà kọ́ ní ABD ń sunkún láti Èkó títí dé òkè òkun. Jùwọ́nlọ́lá pa fóònù náà. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé kó parọ́: kó ní Màmá Charity ṣàárẹ̀ díẹ̀ ni, kò pọndandan kó dárúkọ ara rẹ̀. Ó ń ti ìrònú náà, ó ń padà wá.

Ó bá Joel Tíṣà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń fi ọwọ́ júwe orin fáwọn akọrin. Tíṣà rí i lójijì, ẹlẹ́rẹ̀ látòkè délẹ̀.

"Ah-ah, Jùwọ́nlọ́lá! Kí ló dé? Ṣé kò sí o?"

Orin dá. Irọ́ náà wà ní góńgó ahọ́n rẹ̀. Ó wo ojú bàbá tó kọ́ ọ ní ìwé kíkà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin.

"Tíṣà, èmi ni mo ṣe é. Mo gbé e jáde pé ẹ ti kú. Mi ò béèrè. Màmá ti rí i, wọ́n ti ṣubú, wọ́n ti gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ ká lọ."

Tíṣà kò pariwo. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún.

"Àwòrán wo ni Dora rí?"

"Ti ìkórè, sà."

"Òun ló rán aṣọ yẹn fún mi," ni Tíṣà wí, ó sì sáré jáde láìmú Bíbélì rẹ̀.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ nígbà tí wọ́n dé ọsibítù. Bí Tíṣà ṣe yọ sí wọn lẹ́nu ọ̀nà, Juliet kígbe, ó fò sẹ́yìn. Charity ló kọ́kọ́ dì mọ́ ọn. Ìgbà tí Juliet wá rí i pé ẹran ara ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè, ó ń jó, ó ń dúpẹ́. "Tíṣà ò kú! Olúwa ṣeun! Ìyálé mi, ẹ dìde, Tíṣà ò kú!" Ijó náà fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ó wo Tíṣà. Ó wo Jùwọ́nlọ́lá, tí kò lè gbójú sókè.

"Joel Aníwúrà wo ló wá kú?"

Ó yíjú pa dà, ó rí Joel Wòlíì pẹ̀lú àwọn àgbà agbo ilé Aníwúrà lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn láìdé fìlà. "Ìyàwó wa," ni Wòlíì wí jẹ́jẹ́, "wá jókòó."

Igbe tí Juliet ké lọ́jọ́ náà, Jùwọ́nlọ́lá ń gbọ́ ọ títí dòní.

Dora là á já. Dókítà ní iṣan ọpọlọ rẹ̀ kan ló bẹ́, ọ̀rọ̀ lè padà, ó sì lè máà padà. Nígbà tó kọ́kọ́ lajú, ó rí ọkọ rẹ̀, ó ní "Joel." Gbogbo wọn yọ̀. Ó yíjú sí nọ́ọ̀sì, ó ní "Joel." Charity tẹ̀ síwájú, ó ní, "Màmá, èmi ni," ìyá rẹ̀ sì fi ọwọ́ kan ojú rẹ̀, ó ní "Joel." Orúkọ kan yẹn nìkan ló kù sí i lẹ́nu.

Ó wà nílé báyìí. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò gbé nǹkan. Juliet máa ń wá jókòó tì í nínú aṣọ dúdú, Dora á pè é ní Joel, omi á sì dà lójú opó náà, á dáhùn pé, "Ìyálé mi." Charity ti lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì mìíràn. Tíṣà dárí ji Jùwọ́nlọ́lá, ó sọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n ìdáríjì kò dá ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu ìyàwó rẹ̀.

Jùwọ́nlọ́lá ti pa ojú ewé ìròyìn náà rẹ́. Bí ìròyìn kankan bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ báyìí, yálà ti òkú ni tàbí ti alààyè, ohun tó kọ́kọ́ ń béèrè ni "Èwo?" Bí kò bá sì rí ìdáhùn, ó ń pa ẹnu mọ́. Ó ń sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò sí ẹ̀bùn fún ẹni tó kọ́kọ́ sọ ìròyìn, ṣùgbọ́n gbèsè wà fún ẹni tó sọ ọ́ láìwádìí, ó sì lè jẹ́ ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́ rí ni yóò san án.

Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ọ̀dọ̀ Dora ló ń lọ. Ó ń rin ẹ̀gẹ́, ó ń mọ púpurú, ó ń wa iná sábẹ́ pẹpẹ. Dora á wò ó láti orí àga rẹ̀, á ṣí ẹnu, ètè rẹ̀ á máa gbọ̀n, bí ẹni ń wá orúkọ ọmọ náà.

"Joel," ni yóò wí.

Jùwọ́nlọ́lá á sì kúnlẹ̀ nínú eérú. "Mà."