Ìfọwọ́sí Ẹ̀yìn Káàdì

Obìnrin tó dúró lórí àtẹ̀gùn hòtẹ́ẹ̀lì inú káàdì náà ti yí orí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹni tó bá ń wò ó. Lónìí tí í ṣe Ọjọ́bọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ti hàn.

Awòméjì bọ́ awò ojú rẹ̀ ti òkè, ó nù ún, ó dá a padà sórí ti ìsàlẹ̀. Méjì ló máa ń wọ̀ léra wọn bó bá ń yẹ káàdì wò, ibẹ̀ sì ni ìnagijẹ rẹ̀ ti wá. Ó lé ní ogún ọdún tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jẹ́jẹ́ ti jọ ń ṣòwò pósíkáàdì aláwòrán àtijọ́, àwọn èyí tí àwọn tó ti kú fi kí àwọn tó ti kú. Ṣọ́ọ̀bù wọn kò ju yàrá kan lọ, pẹ̀lú dúrọ́ọ̀ láti ilẹ̀ dé àjà, àti òórùn ìwé gbígbó tó máa ń bá ènìyàn délé.

Wọ́n ti pín iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Iwájú káàdì ni ti Awòméjì: bóyá àwòrán mọ́, bóyá igun rẹ̀ ti ṣẹ́. Ẹ̀yìn ni ti Jẹ́jẹ́. Òun ló ń fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ tí káàdì wọlé síbẹ̀ àti bó ṣe wọlé. Bó bá jẹ́ pàṣípààrọ̀ ni, yóò kọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó mú un wá, àwọn méjèèjì yóò sì fọwọ́ sí i. Láràárọ̀ ni Jẹ́jẹ́ máa ń to káàdì síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn wọn sókè, ìwé funfun kan lórí wọn tí kò fi nǹkan kan hàn ju ìsàlẹ̀ lọ. Awòméjì á fọwọ́ sí i bí ẹni ń lé eṣinṣin. Kì í kà á. Ó ní ẹni tó bá ń ka lẹ́tà olólẹ́tà, olófòófó ni, ì báà jẹ́ pé olólẹ́tà ti kú.

Káàdì hòtẹ́ẹ̀lì etí òkun yìí ló parí ọ̀wọ́ káàdì méjìlá tí Jẹ́jẹ́ fi ọdún mẹ́sàn-án wá kiri. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ló rí i, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, àfi ọ̀sẹ̀ yìí tí kòkòrò ajẹ̀wé wọ inú álúbọ́ọ̀mù, tí Awòméjì ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá wọn nígbà tí Jẹ́jẹ́ bá jáde.

Ọdún mẹ́rin náà rèé tí ìyàwó Awòméjì jáde nílé láti lọ gba bàtà tó kó fún aránbàtà, tí kò padà. Jẹ́jẹ́ ló sọ pé òun rí i nínú ọkọ̀ ọkùnrin kan, tó ń rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ ló bá a kó aṣọ obìnrin náà sínú àpótí. Láti ìgbà náà ni Awòméjì ti ń bínú sí ìyàwó rẹ̀ bí ẹni ń lo oògùn: lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ.

Ó sún ojú mọ́ káàdì náà. Àwọ̀ ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, òkun, hòtẹ́ẹ̀lì, òjìji. Àmọ́ báàgì kan wà lápá obìnrin náà, òwú búlúù tín-ínrín kan sì wà lára okùn báàgì náà.

Òun fúnra rẹ̀ ló fi òwú yẹn rán okùn báàgì ìyàwó rẹ̀ nígbà tó já. Ó rán an wọ́. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Ọkọ mi, bí mo bá sọnù, èyí ni wọ́n máa fi dá mi mọ̀."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ogún ọdún, Awòméjì yí káàdì padà, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ìkọ̀wé Jẹ́jẹ́ ni, ó gún régé. Ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ lọ gba bàtà náà ló kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà: *Pàṣípààrọ̀. Ohun tí a fi sílẹ̀: ìyàwó Awòméjì, àti báàgì ọwọ́ rẹ̀.* Ìfọwọ́sí méjì ló wà nísàlẹ̀. Èkejì, tó dà bí eṣinṣin tí wọ́n tẹ̀ pa, òun fúnra rẹ̀ ló ni ín.

Ilẹ̀kùn dún. Jẹ́jẹ́ wọlé, ó fi fìlà rẹ̀ kọ́ sára ògiri.

"O ti yí i padà," ó ní, bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá.

"Ta lo fún?"

"Oníbàárà yẹn. Èyí tí bàtà rẹ̀ máa ń tutù rinrin lọ́jọ́ gbogbo. Kì í gba owó. Ó ní kí n fi ohun tí kì í ṣe tèmi sílẹ̀, kí olóhun sì fọwọ́ sí i."

"Ìyàwó mi máa ń bu oúnjẹ fún ọ kó tó bu tèmi, Jẹ́jẹ́."

"Mo mọ̀. Tábìlì rẹ ni mo kọ́kọ́ ní kí ọkùnrin náà mú. Kò gbà."

"O ní o rí i nínú ọkọ̀."

"Kí ni ǹ bá sọ? Ṣé kí n ní ìwọ tó wọ awò méjì lo fọwọ́ sí i?"

"Ṣé kò jà?"

"Ó fẹ́ jà. Mo fi ìfọwọ́sí rẹ hàn án. Ló bá dákẹ́, ó sì tẹ̀lé ọkùnrin náà."

Awòméjì tún wo iwájú káàdì. Obìnrin náà ti yíjú tán. Kò sunkún, kò pe ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo ẹni tó tà á.

"Dá káàdì yìí padà fún un," Awòméjì ní. "Kọ pàṣípààrọ̀ mìíràn, màá fọwọ́ sí i nísinsìnyí."

Àwo tí káàdì òwúrọ̀ yẹn wà ni Jẹ́jẹ́ ń wò. Awòméjì náà wò ó. Méje ló fọwọ́ sí lẹ́yìn tí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Mẹ́fà ló wà níbẹ̀.

Lójú ọ̀nà, bàtà tútù kan ń bọ̀, ó ń ró *fàsà, fàsà* lórí sìmẹ́ńtì tó gbẹ.

Ó yé Awòméjì pé òun ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ èkeje. Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú abẹ́rẹ́ àti òwú búlúù tó ṣẹ́ kù, ó kì wọ́n sápò. Ó ṣeé ṣe kí okùn kejì báàgì ìyàwó rẹ̀ ti já. Bó bá ń rán an lọ́wọ́, á lè ṣàlàyé fún un.

"Ẹ wọlé, sà," Jẹ́jẹ́ sọ sí ẹnu ọ̀nà. "Ó ti fọwọ́ sí i."

"Jẹ́jẹ́," Awòméjì ní, "ṣé hòtẹ́ẹ̀lì kan náà ni?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wo ojú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ yẹn.

"Rárá o," ó ní. "Ti hòtẹ́ẹ̀lì ti pé. Ọ̀wọ́ ibùdókọ̀ ojú irin ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀."