Ilé Amọ̀ Tí Otafio Gé Kúrò

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Otafio kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ méjì tí amọ̀ ti gbẹ lé lórí, tó yọ síta láti ẹnu ọ̀nà ilé kékeré kan tí kò ga ju ìbàdí àgbàlagbà lọ, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní Kaya, ìlú àwọn Mósì. Ọyẹ́ ń fẹ́, Kérésìmesì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí ẹlẹ́sẹ̀ fi ìdí wọ́ jáde, ọ̀dọ́mọbìnrin ni. Amọ̀ wà nínú irun rẹ̀, ó wà ní imú, ó wà ní ìpéǹpéjú.

“Ṣé Jésù lo ń wá?” ó bi í. “Kò tíì dé. Mo ṣì ń rẹ́ ilé rẹ̀.”

Sidnoma ni, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gbogbo agbo ilé Kaya ló ń mọ ilé amọ̀ fún Ọmọ Jòjòló lásìkò ọdún, ṣùgbọ́n tirẹ̀ làwọn èèyàn máa ń yà sọ́nà wá wò. Ó ní fèrèsé, ó ní àkàsọ̀, ó fi ẹfun àti èédú ya ara ògiri bí ara ẹtù.

Ó ṣan ọwọ́, ó jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀, ó fa abọ́ ságbò, ọkà jéró tó ti tutù, mọ́ra, ó ń ki òkèlè. Otafio, tí ìjọ kan ní Bràsíìlì ṣẹ̀ṣẹ̀ rán wá ṣe míṣọ́nnárì, tọrọ àyè kí òun yà á ní fọ́tò.

“Yà mí,” ni Sidnoma wí, “ṣùgbọ́n jẹ́ kí ilé mi hàn dáadáa. Kí ìyá rẹ lè mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn tó mọṣẹ́ lọmọ òun wà.”

Ibẹ̀ nìfẹ́ ti wọlé. Otafio ń kọ́ àwọn akọrin ní jìtá, ó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe. Sidnoma ń kọ́ ọ ní èdè Mósì, ó sì ń rẹ́rìn-ín àrìntàkìtì bó bá ti ṣì í sọ. “Nasara mi,” òyìnbó mi lédè wọn, bó ṣe máa ń pè é nìyẹn, “ahọ́n rẹ wúwo bí ọlọ.” Nígbà tó di pé kí Otafio lọ sílé lọ kí àwọn ìjọ tó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, ó ṣèlérí fún un pé òun máa gbé obì wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ bí òun bá padà dé.

Ohun tó ṣe nílé ni kò jẹ́ kó lè jẹun nínú ọkọ̀ òfurufú nígbà tó ń padà bọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì tó kọ́kọ́ lọ, àwọn èèyàn ń yán. Ó sọ̀rọ̀ akọrin, ó sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi, wọ́n ń wo aago. Kó tó dé ṣọ́ọ̀ṣì kejì, ó mú fọ́tò Sidnoma, ó gé ilé amọ̀ náà kúrò. Ohun tó ṣẹ́ kù ni obìnrin ẹlẹ́rẹ̀ kan tó tẹ̀ ba abọ́. “Ẹ wo arábìnrin yìí,” ló sọ fún wọn. “Kò mọ ìgbà tó tún máa rí oúnjẹ jẹ.” Àwọn ìyá sunkún, igbá ọrẹ kún. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ti fi í hàn. Kò dárúkọ rẹ̀ níbì kankan.

Ó ń tu ara rẹ̀ nínú pé Bràsíìlì jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹni tó tutọ́ sókè ló ń fojú gbà á. Ìjọ tó rán an gbé fọ́tò náà sórí ayélujára, ẹ̀gbọ́n Sidnoma tó wà ní Wagadugu sì rí i.

Ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì ọdún kejì ló padà dé. Nígbà tó wọ ọgbà, ẹsẹ̀ méjì yẹn náà ló tún rí lẹ́nu ọ̀nà ilé amọ̀ tuntun. Ó lóṣòó níbẹ̀.

“Ṣé Jésù ti dé?”

Ẹsẹ̀ kò mira. “Ó ti dé,” ni ohùn wí láti inú lọ́hùn-ún. “Ebi ló bá nílé.”

Sidnoma jáde, kò wo ojú rẹ̀, ó gbé abọ́ ságbò ka iwájú rẹ̀.

“Jẹun, míṣọ́nnárì. Bó o bá jẹ tán, kó o wá sọ ìgbà tí èmi náà máa tún rí jẹ.”

“Sidnoma, mo ṣẹ̀ ọ́.”

“Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ti rí i. Bàbá mi ti rí i, àgbẹ̀ tí jéró kún àká rẹ̀.” Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. “Ti ebi yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ebi ti pa mí rí. O rí ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, o sì gé e dànù.”

Otafio lọ bẹ bàbá Sidnoma. Wọ́n fún un lómi mu, bàbá sì dìde, ó wọlé lọ. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Zerbo tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níwájú ọgbà ní òun máa bá a lọ. Ará Sámò ni. Àwọn Sámò àti Mósì ń bára wọn ṣàwàdà láti ayé baba ńlá wọn, ohun tí ọ̀kan bá sì fi ìdọ̀bálẹ̀ bẹ èkejì, kì í kọ̀ ọ́.

“Ẹrú mi dà?” ni Bàbá Zerbo kígbe láti ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ fi ajá pamọ́ o,” ni bàbá Sidnoma dáhùn nínú ilé. “Ajẹ-orí-ajá ti dé.”

Bàbá Zerbo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó bu eruku sórí ara rẹ̀. “Foríjì ọmọ yìí. Bó o bá kọ̀, màá kó ẹní mi wá síbí, kó o máa bọ́ mi títí wọ ọdún tó ń bọ̀.”

Bàbá fẹ́ mú ojú le, ẹ̀rín já mọ́ ọn lẹ́nu. “Ó tán lọ́dọ̀ tèmi. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni wọ́n yà.”

Gbogbo wọn yíjú sí Sidnoma tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò rẹ́rìn-ín.

“Bàbá Zerbo, ẹ ṣeun. Bàbá mi lẹ bẹ̀.” Ó kọjú sí Otafio. “Tẹ̀ lé mi lọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ku ògiri ẹ̀yìn.”

Otafio bọ́ bàtà, ó rápálá wọnú ilé amọ̀, ó ń rẹ́ ògiri. Àwọn tó ń kọjá ń wo ẹsẹ̀ funfun gbọọrọ tó yọ síta, wọ́n ń bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó jáde, amọ̀ ti dí i nímú. Sidnoma gbé abọ́ lé e lọ́wọ́, ó gba fóònù rẹ̀, ó yà á bó ṣe ń ki òkèlè.

“Ó yá, fi ránṣẹ́ sí wọn. Fi tèmi tì í, odindi. Kọ òótọ́ sí i.”

“Wọ́n lè ní kí n máa bọ̀ nílé.”

“Wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀,” ni Sidnoma wí.

Otafio kọ ọ́ níbẹ̀ lójú rẹ̀. *Sidnoma Kafando, olùkọ́. Kò sí ìyàn lọ́jọ́ náà. Òun ló mọ ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo gé e kúrò, mo sì parọ́ fún yín.*

Èsì dé láàárọ̀ Kérésìmesì. Kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórúkọ ìjọ náà mọ́ títí wọ́n á fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó tú u fún Sidnoma lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé amọ̀, orí rẹ̀ sì tẹ̀.

“Bí wọ́n bá já ọ sílẹ̀ ńkọ́?”

“Màá lọ kọ́ kẹ̀kẹ́ títúnṣe lọ́dọ̀ Bàbá Zerbo.”

“Kí Sámò sọ ọ́ di ẹrú?” Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti dé. Ó fi Ọmọ Jòjòló tó fi amọ̀ mọ sí i lọ́wọ́. “Gbé e wọlé. Rọra.”

Otafio kúnlẹ̀, ó tẹ́ ọmọ náà sórí koríko. Nígbà tó dìde, Sidnoma ń wo àpò rẹ̀.

“Obì tó o ṣèlérí ńkọ́?”

“Ó wà níbí láti ọjọ́ tí mo ti dé. Ìtìjú ò jẹ́ kí n lè yọ ọ́. Ó ti ń gbẹ.”

“Gbé e fún Bàbá Zerbo kí ó gbé e wọlé tọ bàbá mi lọ. Eyín àwọn méjèèjì ṣì le.” Ó jókòó ti ògiri, ó na fóònù síwájú wọn, ó fi ọwọ́ kejì fà á mọ́ra. “Sún mọ́ mi, Nasara mi. Wò ó dáadáa kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ṣé ilé mi hàn?”

Otafio wò ó, ó tún un wò.

“Ó hàn,” ló wí, “títí dé òrùlé.”