Orúkọ Tí Bàbá Kọ Sójú Títì

Ní abúlé Wulverkapel, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, níbi tí ẹrẹ̀ oko kì í gbẹ títí òtútù fi máa lọ, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Reinhilde. Eré ọ̀nà jíjìn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi sá a, nínú òjò, nínú yìnyín, lórí pápá tí màlúù ti tẹ̀ di pòtòpótò. Àwọn obìnrin tó kù kì í rí ojú rẹ̀ lórí pápá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n mọ̀.

Ìgbéraga wá wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀wù. Tó bá ti borí tán, á dúró sídìí ibi tí wọ́n ti ń din pòtétò, á máa fi àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ṣe yẹ̀yẹ́. Noëlla ló máa ń dójú lé jù, ọmọ àdúgbò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì, tó sì ti fi ayé rẹ̀ fún Jésù.

"Noëlla, ṣé àdúrà lo dúró gbà lọ́nà ni? Kọfí mi ti tutù kó o tó dé!"

Noëlla á rẹ́rìn-ín. "Ẹ rọra o, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí."

Òótọ́ ló sọ. Reinhilde ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń wúwo.

Nínú oṣù kejì ọdún kan, wọ́n sá eré tí wọ́n fẹ́ fi mú ẹnì kan ṣoṣo láti agbègbè náà, tí yóò lọ sáré fún orílẹ̀-èdè wọn lókè òkun. Kùrukùru bo pápá lọ́jọ́ náà. Ní ìyípo ìkẹyìn, Noëlla ti lọ síwájú. Reinhilde ò rí i mọ́. Ìró bàtà rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ nìkan ló ń gbọ́, ìró náà sì ń jìnnà sí i.

Wọ́n ní láti sá yí abà kan ká ní ìpẹ̀kun pápá kí wọ́n tó padà. Nígbà tí Reinhilde dé ojú ọ̀nà abà náà, àga ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ṣófo. Òtútù ti lé e lọ mu bíà. Reinhilde wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó já gba àárín igi ọgbà kọjá. Kò dé ìdí abà rárá. Òun ló kọ́kọ́ wọlé.

Noëlla dé, ẹrẹ̀ ti bò ó dé orúnkún. "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti kọjá mi? Ṣé ẹ yí abà ká?"

"Mo yí i ká."

Adájọ́ eré pè wọ́n. Ọkùnrin tó lọ mu bíà, kí wọ́n má bàa mọ̀ pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ní òun rí àwọn méjèèjì tí wọ́n yí abà ká. Reinhilde fi sàréè ìyá rẹ̀ búra. Làwọn èèyàn bá bú sẹ́rìn-ín sí Noëlla, wọ́n sọ ọ́ ní Noëlla Alábà. Tó bá ń ta búrẹ́dì, wọ́n á ní, "Alábà, ṣé o yí i ká dáadáa kó o tó gé e?" Ọmọ náà á gé búrẹ́dì, á sì dì í fún wọn.

Omer, bàbá Reinhilde, àgbẹ̀ ẹni àádọ́rin ọdún tí ẹ̀yìn ń dùn, kúnlẹ̀ sójú títì, ó fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ gbàgàdà, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún akọni níbẹ̀.

Lókè òkun, Reinhilde fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ìkẹyìn. Iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ já, eré sì parí fún un. Ó fi ọ̀pá rìn wálé, ó sì bá orúkọ rẹ̀ lójú títì, ó ń dúró dè é.

Ní gbogbo ìgbà òtútù, òjò àti katakata á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á rẹ́. Inú Reinhilde á dùn. Tí òtútù bá ti lọ, bàbá á tún un kọ. Ní ọdún kẹta, Reinhilde bá a lórí ìkúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ dìde. Ẹ jẹ́ kó pa rẹ́."

"Kó pa rẹ́ kẹ̀? Ọmọ mi ò purọ́, kò jalè, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi gbà á. Jọ̀ọ́, bá mi di agolo yìí mú."

Ó dì í mú. Ibẹ̀ ni Noëlla gun kẹ̀kẹ́ dé, ó ru búrẹ́dì sẹ́yìn. Nígbà tó rí i pé ọ̀dà ò tíì gbẹ, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o."

Bàbá kọ ẹ̀yìn sí i. Noëlla bá rọra ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó yí gbogbo orúkọ náà ká, kò tẹ lẹ́tà kan mọ́lẹ̀. Reinhilde wò ó títí ó fi lọ tán. Ó dà bíi pé wọ́n da omi gbígbóná sí i lára.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì líle, ó lọ ń fọ orúkọ náà. Ọwọ́ rẹ̀ bó, orúkọ ò lọ. Noëlla bá a níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń ṣe?"

"Noëlla, mi ò yí abà ká."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"O mọ̀, o sì ń kí wa?"

"Kò rọrùn o. Mo bínú sí yín débi pé àdúrà ò ṣeé gbà fún mi. Jésù ló gba ìbínú náà lọ́wọ́ mi. Ẹ gbé tiyín náà fún un. Èyí ò ṣeé fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀. Ìdí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ṣàn lórí àgbélébùú nìyẹn."

"Ojú ń tì mí."

"Jésù kò lé ẹni tí ojú ń tì padà rí."

Orí ìkúnlẹ̀ ni Reinhilde ti wà tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Jésù, mo purọ́. Mo fi sàréè ìyá mi búra èké. Mo ba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Gbà mí." Ó sunkún bí ọmọdé, ìwúwo ọdún mẹ́ta sì kúrò láyà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bàbá ń bẹ nílé. Ó lọ bá a nídìí kọfí, ó sọ gbogbo rẹ̀. Kọfí tutù nínú ife bàbá. Nígbà tó yá, ó dìde, ó gbé ọ̀dà dúdú wá.

"Ìwọ ni kó o pa á rẹ́. Èmi ò ní lè ṣe é."

Ọjọ́ Ìsinmi ni, àwọn èèyàn ń jáde láti ṣọ́ọ̀ṣì bí Reinhilde ṣe ń kun orúkọ náà ní dúdú. Gbogbo ẹni tó bi í léèrè, ó sọ fún un. Ọkùnrin tó ṣọ́ abà ṣí fìlà, ó gba ẹ̀yìn èrò lọ. Nígbà tí títì dúdú tán, bàbá gbé agolo funfun, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìrora, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ N.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn yín!" ni Noëlla, tó wà láàárín èrò, wí.

"Dákẹ́, ọmọ mi. Ẹnu èmi náà pè ọ́ ní Alábà."

Ìwọ tó ń ka ìwé pélébé yìí, abà wo ni ìwọ ò yí ká? Ta ló ń ru ẹ̀gàn irọ́ rẹ kiri? Ta ló ń yìn ọ́ fún ohun tí ìwọ fúnra rẹ mọ̀ pé o jí? Má dúró de ìgbà tí òjò á pa á rẹ́. Òjò ò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ jù sílẹ̀. Sọ ọ́ fún Jésù lónìí, níbi tó o jókòó sí yìí gan-an, pẹ̀lú ojú tó ń tì ọ́ náà. Lẹ́yìn náà, dìde, kó o wá Noëlla tìrẹ lọ.