Àmì Méjì Lórí Orúkọ Höfle

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ sí Kàbà, kó béèrè ilé tí òyìnbó olókùúta gbé lẹ́bàá ọ̀nà Ìyàmoyè. Wọn á fi hàn án. Wọn ò ní sìn ín débẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ ní ọdún díẹ̀ kí òyìnbó tó gbé ìjọba sílẹ̀. Ojú Rhoda ló ṣe, Rhoda kì í sì í ṣe òpùrọ́.

Ọmọ Mọ̀pà ni Rhoda, ṣùgbọ́n Kàbà ló ń gbé nígbà náà, lẹ́bàá ọ̀nà Ìyàmoyè kan náà. Ìyàwó òyìnbó míṣọ́n ló kọ́ ọ ní títẹ tapuráítà. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ mẹ́ta ló bí, Theresa nìkan ló ṣẹ́kù fún un. Ibi tí ìyá bá wà, ibẹ̀ ni ọmọ ń wà. Bí Theresa bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, oorun ti dá lójú Rhoda nìyẹn.

Òyìnbó olókùúta náà, ará Jámánì ni. Höfle ni orúkọ rẹ̀. Òkè ló ń gùn kiri, tó ń fọ́ òkúta sínú àpótí. Ìwà rẹ̀ ò dára, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Kíkí wa ni wọ́n fi sọ wá lórúkọ nílẹ̀ Okun. Bí ènìyàn bá ní "Okun o," ìwọ náà á ní "Okun." Bí inú bá ń bí ọ, wàá dáhùn. Bí o bá ru igi lórí, wàá dáhùn. Höfle ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn rí. Theresa á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kí i, bàtà onírin rẹ̀ á sì máa bá tirẹ̀ lọ, gbì, gbì, gbì. Ọmọ náà á wá bojú wo ìyá rẹ̀.

"Ìwọ ṣáà ti kí i," ni Rhoda máa ń wí. "Ẹni tó bá sì kí ọ, dá a lóhùn. Má jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ ní aláìlẹ́kọ̀ọ́."

Ibà pa Höfle nínú yàrá ẹ̀yìn ilé náà. Wọ́n sin ín. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ránṣẹ́ láti Jámánì pé kí wọ́n bá àwọn fi tapuráítà tẹ ìwé òkúta tó ń kọ lọ́wọ́. Ernest, akọ̀wé tó ń ṣọ́ ẹrù òkú, ló pe Rhoda. Ó ṣèlérí pé bí iṣẹ́ náà bá parí, òun á bá a wá àyè fún Theresa ní ilé ẹ̀kọ́. Ìlérí yẹn ló gbé Rhoda débẹ̀.

Ọ̀sán ọyẹ́ ni. Eruku bo ojú oòrùn. Ewé kan ò mì. Tapuráítà wà lórí tábìlì ní pálọ̀, ìlẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn wà lẹ́yìn àga Rhoda. Títì ni wọ́n tì í. Theresa jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

"Ọ̀gá, mi ò gbọ́ èdè yìí," ni Rhoda wí.

"Ta ló ní kí o gbọ́ ọ? Ohun tí o bá rí ni kí o tẹ̀."

"Àwọn lẹ́tà kan ní àmì méjì lórí. Tapuráítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni èyí. Kò ní irú ẹ̀."

"Wá ọgbọ́n dá sí i," ni Ernest wí, ó sì jáde lọ jókòó sábẹ́ igi.

Ó wá ọgbọ́n dá sí i lóòótọ́. Á tẹ o. Á dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn díẹ̀. Á wá tẹ àmì méjì tí a fi ń há ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́, àmì náà á bà lé o lórí. Kọ́. Gẹ̀rẹ̀. Kọ́. Ó wò ó, inú rẹ̀ dùn. Ó tún ṣe òmíràn.

Gbì. Wọ́ọ́. Gbì.

Inú yàrá ẹ̀yìn ni. Bàtà onírin. Ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ó wọ́ padà, ó tún ojú ibẹ̀ tẹ̀.

Rhoda dáwọ́ dúró. Gbogbo ilé dákẹ́. Ó tẹ ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dórí u kan tó ní àmì. Kọ́. Gẹ̀rẹ̀. Kọ́.

Gbì. Wọ́ọ́. Gbì. Ó ti dé ìdí ìlẹ̀kùn.

Ó pe Ernest. Ernest fi ìbínú ṣí ìlẹ̀kùn yẹn. Àpótí òkúta àti bẹ́ẹ̀dì ló wà níbẹ̀. Eruku bo ilẹ̀, kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan nínú rẹ̀.

"Ṣé o ti rí i?" ni Ernest wí. "Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, máa lọ sílé. Mo mọ ẹlòmíì ní Ìsánlú."

"Àmì yẹn ni mi ò fẹ́ tẹ̀ mọ́, ọ̀gá."

"Fi e sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà náà dípò rẹ̀. Òkú yẹn fúnra rẹ̀ a máa ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá ń kánjú."

Ó fa ìlẹ̀kùn dé, ó jáde. Kò tì í.

"Ìyé," ni Theresa pe ìyá rẹ̀, "ta ló wà níbẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan." Kò fẹ́ kó jìnnìjìnnì bá ọmọ. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó tẹ o, ó fi e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó tẹ́tí sẹ́yìn. Ẹ̀yìn dákẹ́ rọ́rọ́.

Gbì.

Ẹ̀gbẹ́ tábìlì ló ti dún. Rhoda rọra yíjú. Theresa nìkan ló rí. Ọmọ náà ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹní rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń fún àlejò láyè.

Ó dá Rhoda lójú pé bí òun bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ọmọ lọ. Ó ní òun ò ní fi àmì sí nǹkan kan mọ́, òun ò sì ní fi e sí i. Ó sáré tẹ àwọn lẹ́tà náà ní ìhòòhò, ojú ìwé kan, òmíràn. Kò gbọ́ ẹsẹ̀ mọ́. Òógùn bo imú rẹ̀ nínú ọyẹ́. Ó ku orúkọ ẹni tó kọ ìwé, nísàlẹ̀ pátápátá. Ó tẹ̀ ẹ́ láìlámì: Hofle. Ó fa ìwé yọ.

Ẹyẹ ìta dákẹ́. Òórùn tábà òyìnbó tí Höfle máa ń fà gba pálọ̀ kan.

"Okun o."

Ohùn náà wúwo. Ahọ́n tí kò pe ọ̀rọ̀ yẹn rí láyé ló pè é. Láti ibi tí Theresa sún kúrò lórí ẹní ló ti wá.

Rhoda la ẹnu láti kìlọ̀ fún ọmọ. Ọmọ ti ṣáájú rẹ̀.

"Okun," ni Theresa dáhùn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

Rhoda gbé e pọ̀n, kò wo Ernest, kò wo ẹ̀yìn. Mọ̀pà ni wọ́n sùn lọ́jọ́ náà.

Ara Theresa yá. Ó ń jẹun. Ibà ò kọ lù ú. Àwọn aládùúgbò ní kí Rhoda dúpẹ́, kí ló tún ń wá. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, Rhoda á jókòó sẹ́nu ọ̀nà de ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń jáde bọ̀.

"Okun o, ọmọ mi," ni yóò wí. Á dúró, á máa wo ẹnu rẹ̀.

Theresa á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìdáhùn, láìwò ó. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn, kò ní bàtà. Síbẹ̀, gbì, gbì, gbì, títí yóò fi yà sẹ́yìn ilé.