Ìlẹ̀kẹ̀ Ọwọ́ Ọlọ́pọ̀tọ́

Ọjọ́bọ̀ kan ni, lẹ́yìn ọdún méjì tí àrùn kòrónà kásẹ̀ nílẹ̀, ni Ọba Ọlálékan, Ọlọ́pọ̀tọ́ ti Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé ìwòsàn kan ní Lawrenceville, lẹ́bàá Atlanta, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Agbádá sányán ló wọ̀, ó dé fìlà aláràn, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún pamọ́ sínú apá agbádá náà bí ẹni tó di nǹkan mú. Ayé ìgbà yẹn ti dayé bàálù. Àwọn ọba tí baba wọn kì í jẹ́ kí oòrùn rí wọn ti ń tò sórí ìlà ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n ń bọ́ bàtà lójú gbogbo ayé, àwọn tó ń yẹ̀ wọ́n wò kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín Kábíyèsí àti ẹni tó ń ta búrẹ́dì.

Ohun kan ṣoṣo ni Ọlọ́pọ̀tọ́ kì í bọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn ni, ìlà mẹ́ta, tí Àsípa ìlú so mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún lọ́jọ́ tó gorí oyè. Ẹni tó so ó ló gbọ́dọ̀ tú u, ọjọ́ tí ọba bá sì wàjà ni yóò tú u. Bí ó bá kúrò lọ́wọ́ ọba kí ọjọ́ náà tó pé, ohun yòówù kó fà á, ìlú ti sin ọba nìyẹn. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí ẹ jẹ́ ká tún un rò.

Èèyàn méjì ló tẹ̀lé e wọlé. Ọ̀kan ni Olúwafẹ́misí Àjọkẹ́, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Atlanta láti ogún ọdún. Èkejì ni Surajudeen, ẹmẹsẹ̀ ààfin, ìránṣẹ́ tí kì í kúrò lẹ́yìn ọba. Ó fá apá kan orí, ó dá apá kan sí gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ó wá wọ jákẹ́ẹ̀tì òtútù pupa tí Fẹ́misí rà fún un. Àwọn èèyàn ń wò ó. Òun kò wo ẹnikẹ́ni.

Kí Ọlálékan tó di ọba, Lékan Onípákó ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí. Orí ló fi ru pákó bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, kí ó tó di ẹni tó ni ẹ̀rọ ìlagi mẹ́fà, ọkọ̀ akẹ́rù rẹpẹtẹ, ilé iṣẹ́ búrẹ́dì, ilé ní Èkó, ilé ní Ìbàdàn, títí dé ilé ìtajà ọlọ́pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kan ní Morrow, níhà gúúsù Atlanta. Ó lówó débi pé àwọn tó ń bú u tẹ́lẹ̀ wá ń fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ. Síbẹ̀ owó kọ́ ló ń lé. Ìtìjú kan tó ti pẹ́ nílé wọn ló fẹ́ fi owó náà fọ̀.

Akíndélé, baba baba rẹ̀, ló jẹ Ọlọ́pọ̀tọ́ nígbà tí àwọn òyìnbó ń la ọ̀nà rélùwéè. Ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣe àkóso agbègbè náà, ní kí ó kó ọgọ́rùn-ún ọkùnrin wá fún iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Akíndélé ní ìgbà ìkórè ni, òun kò ní kó ẹnì kan. Wọ́n pè é sí kóòtù, Ajẹ́lẹ̀ sì ní kí ọlọ́pàá gé ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ lójú ìyàwó, lójú ọmọ, wọ́n sì gbé e lọ sí Kàlàbá. Ní ọjọ́ keje, ìlú yìnbọn òkú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló tún lò láyé lẹ́yìn ìbọn náà, ó ń hun agbọ̀n tà létí odò àjèjì. Lẹ́tà tó bá kọ ránṣẹ́ sílé, wọn kì í ṣí i, nítorí òkú kì í kọ̀wé. Ó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tí oyè kò fi kan ilé wọn mọ́, kí Ọlálékan tó gbà á padà. Láti ọjọ́ náà, àdúrà kan ló ń gbà láràárọ̀: kí òun kú pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́.

Pákó ló tún wá bá a jà nígbẹ̀yìn. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn ló lọ wo ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ń tún ṣe ní Morrow. Ẹni tó fi pákó là kì í rí pákó tuntun kó má fọwọ́ pa á. Ó fọwọ́ pa á, ẹ̀rún igi kan sì wọ̀ ọ́ ní àtẹ́lẹwọ́. Ọba kì í ké yéè nítorí ẹ̀rún igi. Bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ ṣúgà ti wà lára rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá, àìsàn yẹn kì í sì í fojú kékeré wo ẹgbò. Ọba kì í jẹun lójú èèyàn, nítorí náà kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Fẹ́misí fúnra rẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, tí yóò kúnlẹ̀, tí yóò sì padà jáde kó tó ṣí àwo. Nọ́ọ̀sì tó ń wo ọgbẹ́ ọlọ́gbẹ́ láti ogún ọdún kò rí ọwọ́ baba rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí yóò máa dùn ún títí ayé.

Nígbà tí wọ́n ká agbádá sókè nílé ìwòsàn lọ́jọ́bọ̀ náà, ọwọ́ náà ti wú débi pé ìlẹ̀kẹ̀ ti rì sínú ẹran ara, àwọn ìka sì ti ń dúdú. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní ìdọ̀tí ọgbẹ́ náà ti ń gba apá gòkè, àwọn gbọ́dọ̀ la ọwọ́ náà láàárín wákàtí kan, ìlẹ̀kẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò. Bí kò bá kúrò, apá á lọ, ẹ̀mí á sì tẹ̀lé apá.

Ọba ní rárá.

Fẹ́misí kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn náà. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò mí. Infection yẹn ti ń gòkè. One hour ni wọ́n fún wa. Bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ."

"Àjọkẹ́, ikú yá ju ẹ̀sín lọ," ni baba rẹ̀ wí. "Má jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe Akíndélé."

Kò pẹ́ tí ibà fi gbé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tí kò sí níbẹ̀ ná pákó, ó ń ní kí wọ́n sọ igi náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Nítorí pé ó ti fọwọ́ sí ìwé tẹ́lẹ̀ pé Fẹ́misí ni kí ó máa sọ̀rọ̀ fún òun bí òun kò bá lè sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni dókítà kọjú sí.

Fẹ́misí pe Àsípa Yakub, ẹni tó so ìlẹ̀kẹ̀ náà, lórí fóònù nílé. Àsípa àti baba rẹ̀ jọ lọ sílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, wọ́n jọ jí mángòrò, wọ́n jọ jẹgba. Fẹ́misí bẹ̀ ẹ́ kí ó wá, bí ẹni tó gbàgbé pé wákàtí kan ló kù; Àsípa ní òun kò tilẹ̀ ní ìwé ìrìnnà. Ó bẹ̀ ẹ́ kí ó fi ẹnu lásán yọ̀ǹda kí wọ́n tú u.

"Ọmọ ọba," ni Àsípa wí, "bí mo bá ní kí o gé e, èmi ni mo pa ọba. Bí mo bá ní kí o má gé e, èmi ni mo pa ọ̀rẹ́ mi. Má fi ọ̀rọ̀ yìí sí mi lẹ́nu." Ó sì pa fóònù.

Fẹ́misí bínú sí i. Ó bínú sí ìlú, ó bínú sí adé, ó bínú sí ara rẹ̀ jù lọ. Ó gbàdúrà, àdúrà náà kò kọjá "Olúwa, Olúwa". Dókítà tún wo aago ọwọ́ rẹ̀. Fẹ́misí wá ní bí yóò bá ṣẹlẹ̀, àjèjì kọ́ ni yóò ṣe é. Ó gba àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé báńdéèjì, ó ki ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ okùn níbi tó ti rì sínú ara baba rẹ̀, ó sì gé e lẹ́ẹ̀mẹta. Iyùn náà tú ká sílẹ̀, ó ń yí wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti ti Ọlọ́pọ̀tọ́ lọ sínú yàrá iṣẹ́ abẹ kí ìkẹyìn iyùn náà tó dúró.

Surajudeen rákò, ó ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dì wọ́n sínú áńkáṣíìfù. Lẹ́yìn náà ni ó dìde dúró. Fẹ́misí dì mọ́ ọn lápá.

"Uncle Sura, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi bò ó. A ó tún un sín kí wọ́n tó jí."

"Ọmọ mi, mo ti rí i. Ìbúra tí mo bú kò sọ pé Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́ nìkan ni kí n ti máa sọ òótọ́." Omi ń dà lójú rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì ó wọ bàálù lọ sílé láti lọ jíṣẹ́ ohun tó rí fún ìlú.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Ọlálékan lajú, ibà ti lọ, ìka márààrún sì pé nínú báńdéèjì. Ó wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Surajudeen ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ, sà." Fẹ́misí kò lè gbé ojú sókè. Ó jẹ́wọ́ pé òun ni, pé ọwọ́ òun gan-an ló gé e. Baba rẹ̀ kò bú u. Ó yíjú sí ògiri, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi kan òkè.

Ìgbà náà ni fóònù dún. Àsípa Yakub ni. Fẹ́misí tẹ fóònù kí ohùn rẹ̀ lè jáde síta, ó rò pé bóyá ohùn ọ̀rẹ́ lè mú kí baba òun yíjú padà. Ìró ìbọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, ọ̀kan, òmíràn, kí Àsípa tó lanu.

"Ọmọ ọba, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ọba wàjà. Ẹ̀yìn wọn á dára."

Ọlálékan yíjú padà. "Yakub," ó wí. "Yakub, èmi nìyí."

Wọ́n ń gbọ́ èémí ọkùnrin náà nínú fóònù. Ó ń sunkún, kò sì bò ó. "Ọmọ ọba," ó wí, "ìwọ nìkan ni mo ń gbọ́ níbẹ̀."

Ìbọn tún dún. Ọlálékan tẹ́tí sí i títí ó fi lọ tán. Ó wá na ọwọ́ òsì sí ọmọ rẹ̀.

"Wọ́n ń kí ọ kú ọ̀fọ̀, Àjọkẹ́," ó wí. "Má jẹ́ kí wọ́n ní n kò kọ́ ọ. Dá wọn lóhùn."

Fẹ́misí fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó di ọwọ́ baba rẹ̀ mú, ọwọ́ náà gbóná, ó ń di tirẹ̀ mú padà.

"Ẹ ṣé, sà," ó wí sínú fóònù. "A dúpẹ́ pé wọ́n dàgbà kí wọ́n tó lọ."