Ọ̀bẹ Tó Ń Ha Ìgò

Kabir fi ọ̀bẹ rẹ̀ ha ara ìgò, ọ̀bẹ yọ̀. Ó tún ha á, ó tún yọ̀. Ọ̀bẹ òyìnbó ni o, tí wọ́n rà fún un ní Agric n'Ìkòròdú, tó ní àkọ̀ bíi ti sójà. Ìgbà yẹn ni Qamardeen, ọ̀rẹ́ rẹ̀, yọ èyí tó wà lọ́wọ́ tiẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi agbẹ̀dẹ. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan péré lára ìgò, ìgò sì ké bí ọmọ tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́. Ilà funfun yọ gbàgàdà. Ariwo tí àwọn ọmọ Agbowa pa lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹja inú ọ̀sà gbọ́ ọ, wọ́n kó lọ sí Ẹ̀pẹ́.

"Ẹ rí ọwọ́ èmi?" Qamardeen ní. "Kabir, jọ̀ọ́, gbé ṣíbí ẹ kúrò níwájú mi."

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, iṣẹ́ agbẹ̀dẹ ló ń kọ́ lọ́dọ̀ Bàbá Fàsásì, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Tó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé òun ló rọ gbogbo afárá tó wà l'Ékòó. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ yẹn kì í ṣe tiẹ̀. Baseerah ló ni ín, obìnrin kan tó máa ń kó ọmọ iléèwé láti Ìkòròdú wá sínú igbó Agbowa, tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dáná, bí wọ́n ṣe ń pàgọ́. Ọ̀bẹ tó lè gé okùn, tó sì lè la igi ìdáná ló fẹ́. Bàbá fi sípíríngì abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù rọ ọ́, ó kì í bọ iná, ó rì í bọ omi, ó wá gba Ẹ̀pẹ́ lọ síbi àdúrà fídáù ìyá ìyàwó rẹ̀.

Ìyókù ló fi lé Qamardeen lọ́wọ́. Ó ní kó fi yanrìn fọ ara irin náà kó máa dán, kó tún gbé e sórí ẹyin iná, kó máa wò ó. Tí àwọ̀ oyin bá yọ lára rẹ̀, tí oyin yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, kó gbé e kúrò kó tó di búlúù. Ó ní irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi ti le jù, bí àwo tánganran ló rí. Iná kejì yìí ló ń mú kó rọ̀ díẹ̀, kó lè gba ìyà.

Qamardeen gbọ́ o, kì í ṣe pé kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé tí òun bá dá a padà sínú iná, kò ní ha ìgò báyẹn mọ́, Kabir á sì bá òun dọ́gba. Ó jókòó ti iná, ó wo iná, ó wo ọ̀bẹ. Àwọn ọmọ ṣì ń pe orúkọ rẹ̀ níta. Bó ṣe pọ́n ọ̀bẹ náà nìyẹn, ó fi èèkù sí i. Nígbà tí Baseerah dé, tó bi í bóyá ó ti parí pátápátá, ó ní kí aǹtí fọkàn balẹ̀, ọ̀bẹ yẹn lè gé òjìji.

Lọ́jọ́ kejì nínú igbó, Baseerah gbé ojú ọ̀bẹ lé orí igi, ó fi kùmọ̀ kékeré gbá ẹ̀yìn rẹ̀, bí gbogbo àwọn tó ń pàgọ́ ṣe máa ń ṣe. Ọ̀bẹ ṣẹ́. Àfọ́kù tó fò lára rẹ̀ gé e lókè ojú, díẹ̀ ló kù kó wọ ẹyinjú.

Ó fi báńdéèjì sójú wá sí agbẹ̀dẹ. Bàbá ti dé láti Ẹ̀pẹ́. Kabir ti kọ́ Qamardeen pé kó ní aǹtí ló gbá a jù, ó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá gbé àfọ́kù ọ̀bẹ náà sínú oòrùn, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Kò sí àwọ̀ oyin kankan lára rẹ̀.

"Ṣé o dá a padà sínú iná?"

Qamardeen wo ẹ̀jẹ̀ tó yọ lára báńdéèjì. "Mi ò dá a padà, Bàbá. Mo fẹ́ kó máa ha ìgò ni." Ohùn tó máa ń dé Benson n'Ìkòròdú láìwọkọ̀, kò kọjá imú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"Ọmọ kékeré kan ló jókòó tì mí nígbà tó ṣẹ́," Baseerah ní.

Bàbá fẹ́ rọ òmíràn fúnra rẹ̀, Baseerah ní rárá. Ó ní ẹni tó bà á jẹ́ ni kó ṣe é, ẹni náà ni kó sì kọ́kọ́ fi la igi, kí òun dúró tì í.

Qamardeen rọ ọ́. Nígbà tó kan iná kejì, kò ṣẹ́jú. Eṣinṣin bà á nímú, ó kọ́lé síbẹ̀, ó bímọ, kò lé e. Oyin yọ, oyin ṣú, ó gbé e kúrò.

Nígbà tó fẹ́ la igi, ojú ara rẹ̀ ló wà nítòsí ọ̀bẹ. Ó gbá a, igi là. Ó gbá a lórí kókó igi, ọ̀bẹ dúró, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ tẹ̀ níbì kan. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni bi í.

"Aǹtí, ẹ wò ó, ó tẹ̀ níbí."

Baseerah gba òkúta ìpọ́nbẹ, ó pọ́n ọn fúngbà díẹ̀, ẹnu ọ̀bẹ sì tò padà. "Èyí tó tẹ̀, mo lè pọ́n ọn nínú igbó," ó ní. Ó ki ọ̀bẹ náà bọ ìgbànú rẹ̀, ó lọ bá àwọn ọmọ tó ń dúró dè é.

Qamardeen ṣì ń fọ́nnu, ẹ má tan ara yín. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ fi ohun tí ẹlòmíràn máa fi ẹ̀mí rẹ̀ lé gba àtẹ́wọ́ mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ibi tí ẹnikẹ́ni ò ní yìn yín fún nínú iṣẹ́ yín, ẹ ṣe é dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni ojú ẹlòmíràn wà.