Epo Tí Kò Pa Ẹja

Nínú ọ̀sà tó mù ún dé orúnkún ni Bólúwají ti kọ́kọ́ rí Deborah. Ó ká ìró sókè, ó ń ṣa òkú ẹja epìyà sínú igbá, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹwà rẹ̀ mú Bólúwají dúró gbagidi.

"Tíṣà, ṣé ẹ̀yin lẹ ń da omi ọṣẹ sínú ọgbà ẹja bàbá mi?"

Ọmọ Èkìtì tó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ní ìlú Gbaji létí ọ̀sà ni Bólúwají. Láyé ìjọba ológun yẹn, dísẹ̀lì wọ́n bí ojú, ló bá ń fi sódà àti sípíríìtì sọ epo àgbọn di dísẹ̀lì fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata àti àwọn ọlọ́kọ̀. Omi tó fi ń fọ ọṣẹ kúrò nínú epo náà ló ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà.

"Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò ní dà á mọ́."

Ó dá iṣẹ́ dúró, ó lọ bẹ Bàbá Deborah, ó sì ń bá wọn ri igi ọgbà tuntun mọ́lẹ̀. Inú omi yẹn ni òun àti Deborah ti fẹ́ràn ara wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó tọrọ ọmọ, bàbá yarí.

"Ẹni tó pa ẹja mi kò ní fẹ́ ọmọ mi."

"Ṣé o máa sá padà sí Èkìtì ni?" Deborah bi í.

"Èmi kẹ̀? Màá wá ọ̀nà tí epo yóò fi mọ́ láì fi omi fọ̀ ọ́."

"Olóríkunkun mi." Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ń bọ̀ wá ràn ọ́ lọ́wọ́."

Wọ́n fi iyanrìn sẹ́ epo náà, kò mọ́. Wọ́n fi èédú sẹ́ ẹ, ó dúdú. Wọn ò jáwọ́. Níkẹyìn, wọ́n ki ẹ̀rún pákó gbígbẹ sínú àgbá, wọ́n da epo gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ̀rún pákó fa ọṣẹ mu, epo jáde, ó mọ́ gaara. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ṣẹ́kù, Deborah sè é di ọṣẹ ìfọṣọ.

Bàbá wá wò ó. "Omi ìdọ̀tí dà?"

"Kò sí mọ́, sà."

Ó yí ilé po, ó wo gọ́tà. Gọ́tà gbẹ táútáú. Bàbá wúkọ́. "Kí lo wá ń dúró ṣe? Lọ kó àwọn èèyàn rẹ wá."

"Kò sí epo lójú ọ̀nà, sà."

Deborah gbá àgbá náà. "Èyí ńkọ́, ọkọ mi?"

Epo náà ni lọ́rì tó lọ kó àwọn èèyàn Bólúwají mu lọ sí Ìkẹ́rẹ́ ní Èkìtì, òun náà ló mu bọ̀. Nígbà tí lọ́rì náà dúró ní Gbaji, tó ń ta sánsán bí àkàrà inú epo àgbọn, Bàbá Deborah fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ mú ìyá Bólúwají sọ̀kalẹ̀.

"Mì kúabọ̀," ó kí i káàbọ̀ ní èdè Gun. Ó kọjú sílé. "Deborah! Bu omi wá fún ìyá ọkọ rẹ."